Ẹrù Àfọwọ́gbé nínú Ọkọ̀ Òfúrufú Olówó Pọ́ọ́kú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá kókó ọ̀rọ̀ tí ètò yìí dá lé lórí mu régí, èyí tíí ṣe ọ̀rọ̀ ẹrù tí èrò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọ inú ọkọ̀ òfúrufú olówó pọ́ọ́kú. Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ogún pọ́n-ùn, tí wọ́n wá dá dúró ní ẹnu ọ̀nà ìwọkọ̀ pé kí ó san iye tí ó ju owó tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ nítorí àpótí kan ṣoṣo, mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Bí owó náà kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà méjì péré ni ó kù: kí ó fi ẹrù sílẹ̀, tàbí kí ọkọ̀ fi òun alára sílẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ìdí abájọ. Ilé-iṣẹ́ Southwest bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1971. Ryanair bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ireland ní 1985, easyJet sì bẹ̀rẹ̀ láti Luton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1995. Ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn fi ṣòwò: ọkọ̀ tí ó bá dúró sílẹ̀ kò pa owó wọlé. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá balẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Ryanair ń fẹ́ kí ó lò kí ó tó tún gbéra. Ìjókòó 189 ni ó wà nínú ọkọ̀ Boeing 737-800 tí ilé-iṣẹ́ yìí ń lò. Bí gbogbo èrò bá gbé àpótí ńlá wọlé, àjà tí ó wà lókè orí wọn kò ní gbà á, àkókò yóò sì ṣòfò níbi tí oníkálukú ti ń wá àyè kiri. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Ryanair àti easyJet rí i pé yàtọ̀ sí àkókò, owó ńlá tún wà nínú ọ̀rọ̀ ẹrù. Wọ́n wá ń ta ìjókòó nìkan ní ẹ̀dínwó, wọ́n sì ń bu iye lé gbogbo ohun yòókù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹran nínú rẹ̀ yóò san owó ẹran.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2018 ni Ryanair ti fi òfin lélẹ̀ pé báàgì kékeré kan ṣoṣo, tí yóò wọ abẹ́ ìjókòó, ni èrò lè gbé wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Gígùn, ìbú àti nínípọn báàgì náà kò gbọdọ̀ ju 40, 25 àti 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ní ọdún 2025, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí 40, 30 àti 20, èyí tí ó bá ti Wizz Air dọ́gba. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé àpótí tí ó tó 55, 40 àti 20 sẹ̀ǹtímítà mọ́ ọn, tí kò wúwo ju kílò 10 lọ, yóò san owó sí i. Ní ti easyJet, báàgì ọ̀fẹ́ tirẹ̀ jẹ́ 45, 36 àti 20 sẹ̀ǹtímítà, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju kílò 15 lọ. Ó hàn gbangba pé báàgì tí ilé-iṣẹ́ kan gbà lè jẹ́ èèwọ̀ fún èkejì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń gbàgbé ni pé wọ́n ń wọn ìmúdání, àpò ẹ̀gbẹ́ àti kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ àpótí pọ̀ mọ́ ọn. Àpótí tí ó bá ìwọ̀n mu nílé ṣùgbọ́n tí a kún títí tí ikùn rẹ̀ fi yọ síta kò ní wọ inú férémù irin tí wọ́n fi ń wọn ẹrù ní pápákọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni ti ẹni tí ó wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́tọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí Dublin tàbí Barcelona. British Airways gba èrò láàyè láti gbé àpótí àfọwọ́gbé tí ó tó 56, 45 àti 25 sẹ̀ǹtímítà, àti báàgì kékeré kan pẹ̀lú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, àyè inú àpótí yìí jẹ́ lítà 63, nígbà tí ti báàgì ọ̀fẹ́ Ryanair jẹ́ lítà 24 péré. Àǹfààní tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kì í bá èrò wọ ọkọ̀ kejì. Ẹni tí ó bá mọ èyí ṣáájú yóò ti ra àyè ẹrù nígbà tí ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé iye rẹ̀ máa ń dín sí èyí tí wọ́n ń gbà ní ẹnu ọ̀nà ìwọkọ̀.

Ìwọ̀n nìkan kọ́ ni òfin ń wò. Ohun tí ó wà nínú ẹrù ṣe pàtàkì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú àṣírí àwọn kan tí wọ́n fẹ́ fi ohun olómi abúgbàù fọ́ ọkọ̀ òfúrufú lójú ọ̀run. Láti ìgbà náà ni a ti pàṣẹ pé ohun olómi kò gbọdọ̀ wà nínú ìgò tí ó ju 100 mílílítà lọ. Ọbẹ̀, oyin, epo pupa àti ata lílọ̀, ohun olómi ni gbogbo wọn lójú òfin. Àwọn pápákọ̀ kan ti ní ẹ̀rọ ìgbàlódé tí ó mú kí wọ́n dẹ òfin yìí, ṣùgbọ́n pápákọ̀ tí èrò yóò gbà padà lè má tíì ní irú rẹ̀. Bátìrì tí a fi ń gba iná sí fóònù, ẹ̀wẹ̀, kò gbọdọ̀ lọ sí ikùn ọkọ̀ rárá, nítorí pé bí ó bá gbiná níbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò tètè rí i. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ bá gba báàgì lọ́wọ́ èrò pé kí ó lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí èrò kọ́kọ́ yọ bátìrì, oògùn àti ìwé ìrìnnà rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà tí ó fi oògùn rẹ̀ sínú ẹrù tí ó ṣìnà ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Ṣé ó wá tọ́ kí a máa gba owó lórí ẹrù àfọwọ́gbé? Àríyànjiyàn ńlá ni èyí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní kò yẹ kí ẹni tí kò gbé nǹkan kan dání máa bá ẹlẹ́rù san owó. Àwọn alátakò wọn fèsì pé kò sí ẹni tí í rin ìrìn-àjò ní ọwọ́ òfìfo. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Ilé-ẹjọ́ Ìdájọ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù sọ nínú ẹjọ́ tí ó kan Vueling pé ilé-iṣẹ́ lè gba owó lórí ẹrù tí ó lọ sí ikùn ọkọ̀, ṣùgbọ́n pé ẹrù àfọwọ́gbé jẹ́ ara ohun tí èrò kò lè ṣe aláìní, níwọ̀n ìgbà tí ìtóbi àti ìwúwo rẹ̀ bá mọ níwọ̀n. Gbólóhùn “mọ níwọ̀n” yìí ni ó dá ìjà sílẹ̀, nítorí ilé-ẹjọ́ kò sọ iye sẹ̀ǹtímítà rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Spain bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 179 yúrò lé ilé-iṣẹ́ márùn-ún, Ryanair, Vueling àti easyJet wà lára wọn, lórí ọ̀rọ̀ ẹrù àfọwọ́gbé àti àwọn ìwà mìíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Kí àwọn onídàájọ́ tó parí iṣẹ́ wọn, èrò ni ó ń san owó. Ìṣòro tí ó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe pé òfin le, bí kò ṣe pé iye tí a kọ́kọ́ fi han oníbàárà kọ́ ni iye tí yóò san gbẹ̀yìn. Tálákà tí ó fi owó wẹ́wẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ni ìyàtọ̀ náà ń dùn jù. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀ràn sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́: ìwé àdéhùn ni tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá kà á tán kí ó tó sanwó, tí ó fi ìwọ̀n wọn báàgì rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé, ni ó ra nǹkan ní ẹ̀dínwó ní tòótọ́.