Àwọn Tí Ó Gbé Ìsìn Ró Ní Ìlú Bí Tiwa

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Ara sọ ní ìpàdé ọdún)

Ọ̀rọ̀ tí a ní í sọ kò gùn. Ó jẹ mọ́ àwọn tí ó gbé ìsìn Ọlọ́run ró ní àwọn ìlú bí tiwa, àti ohun tí a ó ṣe kí orúkọ wọn má baà parun.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ènìyàn bá wọ inú ọ̀pọ̀ ilé ìsìn àtijọ́ ní ìletò, yóò rí pátákó kan lára ògiri, tí a to orúkọ àwọn àlùfáà ibẹ̀ sí lẹ́sẹẹsẹ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní 1538, nígbà Ọba Henry Kẹjọ, Thomas Cromwell pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí a ó máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí. Nítorí èyí, ọmọ àgbẹ̀ ibẹ̀ lè tọ́ka sí ọjọ́ tí a ṣe ìrìbọmi fún baba ńlá rẹ̀. Ó yẹ kí àwa náà ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kan pátákó tiwa, tí ó sì jẹ́ orúkọ àwọn tí a fi joyè àlùfáà nìkan ni a kọ sí i, irọ́ ni pátákó náà yóò máa pa.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ní Freetown, Samuel Ajayi Crowther, tí ó di àlùfáà ní 1843, ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá. Àwọn olùgbọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ èdè ìyá wọn nínú ilé Ọlọ́run, ń dáhùn pé, "Kí ó ṣẹ." Ní 1850, Ìwé Àdúrà jáde ní Yorùbá, ní 1884, iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì parí. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀wé kà lè ṣáájú àwọn ará rẹ̀ nínú àdúrà, láìdúró de òyìnbó.

Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé òyìnbó kò sí nítòsí nígbà gbogbo. Ní 1869, David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ta ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn? Daniel Olubi ni, ẹni tí ó ti jẹ́ ìránṣẹ́ nínú ilé wọn rí. Ọdún 1871 ni a tó fi í joyè díákónì. Iṣẹ́ ti wà lọ́rùn rẹ̀ kí oyè tó dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn Onítẹ̀bọmi. Bowen ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, aládùúgbò wa, ní 1855. Ṣùgbọ́n ogun jà ní ilẹ̀ Yorùbá, ogun sì jà ní Amẹ́ríkà, títí ó fi di pé láti 1869 sí 1875 kò sí míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ wa. Ní Èkó, obìnrin opó kan, Sarah Harden, ni ó kó àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ mọ́ra títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. Nígbà tí yóò fi di 1896, a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní 1898, ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní ìlú kéékèèké, àlùfáà a máa yí agbègbè ká ni. Ó lè tó oṣù mélòó kan kí ojú ìjọ tó tún kàn án. Tíṣà tàbí katikíìsì ni ó wà nílé. Òun ni ó ń lu agogo ní òwúrọ̀, òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Á Bí Dí láàárín ọ̀sẹ̀, òun kan náà ni ó ń wàásù ní ọjọ́ ìsinmi. Bí aláìsàn bá wà, òun ni a ń pè. Bí tọkọtaya bá jà, òun ni ó ń parí rẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. Oko rẹ̀ àti iṣu tí àwọn ìyá ìjọ bá gbé wá ni ó fi ń jẹun. Àwọn ìyá wọ̀nyí náà ni ó ń pọn omi tí a fi mọ ògiri ilé ìsìn.

Àwọn ọmọ agbègbè Èjìgbò tí ó lọ ṣòwò ní Abidjan àti ní ìlú mìíràn ní Côte d'Ivoire mú Bíbélì Yorùbá lọ́wọ́. Ìjọ tí ń fi Yorùbá sìn dìde níbẹ̀, láàárín àwọn tí ń sọ Faransé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ pe ìpàdé àdúrà nínú yàrá wọn kì í ṣe àlùfáà; oníṣòwò ni wọ́n.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní Ara yọ ìwé ìrìbọmi àti ìwé owó ọrẹ rẹ̀ àtijọ́ jáde kúrò nínú àpótí kí ikán tó jẹ wọ́n tán, kí a sì ṣe ẹ̀dà wọn. Èkejì, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé tọ àwọn àgbà lọ, kí wọ́n béèrè orúkọ àwọn tíṣà, àwọn katikíìsì, àwọn tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, àti àwọn ìyá tí ó pọn omi, kí wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé wọn. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi kọ ìtàn ìjọ yín ránṣẹ́ sílé. A sì rọ àwọn ará wa Mùsùlùmí pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn lémọ́ọ̀mù, àwọn ládàánì àti àwọn alùfáà ilé kéwú wọn, nítorí ọmọ Ara kan náà ni gbogbo wa.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ wọ̀nyí kò pọ̀ mọ́ láàárín wa, ọdọọdún ni iye wọn sì ń dínkù. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè nísinsìnyí tí wọ́n lè dáhùn. Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí.