Ta Ni Àánú Wa Wà Fún?

N kò ní í pẹ́ lórí oríkì àìsàn ọpọlọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, abísínwín, wèrè tí í mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́: ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn mìíràn nínú yín ń bá wọn gbélé.

Àánú wa kì í dọ́gba. Ìyá tó bímọ tán tí orí rẹ̀ dàrú, gbogbo àdúgbò ni yóò máa gbàdúrà fún un. Bí gbajúmọ̀ kan bá ní ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá òun jà, a ó kí i pé ó láyà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ afárá, fídíò la ń ṣe é. Bó bá sì jẹ́ igbó ló mu, ẹjọ́ ti parí nìyẹn: òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Bí àìsàn bá ṣe ń le sí i ni àánú ń dín kù.

Ìjà àtijọ́ kan wà tí n kò lè fi sílẹ̀, nítorí ẹni tí a kò bá kà mọ́ aláìsàn, a kò ní í ṣàánú rẹ̀. Ní 1953, Carothers, dókítà òyìnbó tó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ̀wé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé pé ìrẹ̀wẹ̀sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ènìyàn dúdú. Àwọn tó wà nílé wèrè ìjọba ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Ta ni ì bá gbé ìyá tó káwọ́ lérí ní kọ̀rọ̀, tí kò jẹun, tí kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, lọ síbẹ̀? Nígbà tí àwọn dókítà ọpọlọ, Lambo ọmọ ilẹ̀ wa àti Leighton ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ará Yunifásítì Cornell wọ abúlé wa àti Abẹ́òkúta fúnra wọn, tí ìwé wọn jáde ní 1963, wọ́n bá ìrẹ̀wẹ̀sì níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa pé àìsàn olówó ni. Ó ń bí mi nínú. Àwọn kan tún ní ilé wèrè tí òyìnbó ṣí sí Yábàá ní 1907 ló kọ́ wa láti máa kórìíra aṣínwín. N kò gbà. Ṣẹkẹṣẹkẹ ti wà nílé oníṣègùn kí òyìnbó tó dé.

Ọ̀nà àbáyọ kan kúrò nínú àánú tí kò dọ́gba yìí ti wà nílẹ̀ yìí rí. Àwọn tí mo kọ́ mọ̀ pé n kì í parí kíláàsì kí n má dárúkọ Àrò ní Abẹ́òkúta. Ní 1954, ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ìjọba ń kọ́ síbẹ̀ kò tíì parí. Lambo kò dúró dè é. Ó bá àwọn ará abúlé ìtòsí sọ ọ́, wọ́n sì gba aláìsàn sílé bí ayálégbé. Aláìsàn kì í dá wá: ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa dáná fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Bó bá gba ìtọ́jú tán, abúlé ni yóò padà sí, láàárín àwọn tó ń roko, tó ń ṣòwò, tó ń ṣe ìnáwó. Ilé ìwòsàn bá abúlé wá omi tó mọ́. Owó ilé ń wọlé fún onílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tẹ fóònù lẹ́yìn, ẹ gbọ́: wèrè gan-an wà lára àwọn tí wọ́n gbà sílé yìí. Ẹni tó mọ orúkọ aṣínwín àti orúkọ ìyá rẹ̀ kò ní í sá fún un bí ẹni tó rí i nínú fídíò.

Ẹ wo bí irú sísá bẹ́ẹ̀ ṣe pọ̀ tó: ní 2005, dókítà ọpọlọ Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí wọn jáde, lẹ́yìn tí wọ́n bi ènìyàn 2,040 léèrè nílẹ̀ Yorùbá. Ó lé ní 96 nínú 100 tó gbà pé eléwu ni aláìsàn ọpọlọ. Bí 17 péré ló ní àwọn lè fẹ́ ẹ.

Ní ti òfin: ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin wèrè tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó. Òfin tuntun náà kò fọwọ́ kan ẹ̀ka 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn, tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀.

Ti àwọn ọmọ tó ń mu igbó: àwọn mìíràn ti ń gbọ́ ohùn kí wọ́n tó fà á rárá, ìrọ̀rùn ni wọ́n ń wá. Nọ́ọ̀sì tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ òní, bí wọ́n bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un bó ṣe máa tẹ́ ẹ fún abiyamọ.