Èkó Ń Pè, Ògùn Ń Pè: Èrè Ta Ni?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa)



Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ kò jìnnà sí ilé wa. Àwa tá a jókòó síbí, mélòó nínú wa ni ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tó ń sùn ní Mowe, Ibafo tàbí Sango Ọ̀tà? A pọ̀. Owó ilé ló lé wọn kọjá ààlà sí ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ jẹ́ ká mọ ìdí tí ìjọba fi ń du ènìyàn. Orí ènìyàn, owó ni. Nígbà ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ní ará Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9. Ìjọba Èkó ní àwọn ka ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 17. Kì í ṣe ìjà lásán. Iye ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó àpapọ̀ fún ìpínlẹ̀. Owó-orí tún wà ńbẹ̀. Òfin ní ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó-orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà tó ń sùn ní Mowe, ìjọba Ògùn ló ni owó-orí rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti owó oṣù náà. Ní July 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ èyí tó kéré jù di 70,000 náírà. Nígbà tó di October, Èkó ní òun á san 85,000 fún òṣìṣẹ́ òun, Ògùn ní 77,000. Ariwo ta. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò ọjà, ẹ bá mi wò ó: ìyàtọ̀ rẹ̀ 8,000 ni. Ẹ pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, kò tó 400 náírà lójúmọ́. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, ta ni 400 náírà ń gbé lọ síbi iṣẹ́ tó tún gbé padà sílé?

Owó ilé náà ńkọ́? Ká ní ẹni tó kó lọ sí ìkọjá ààlà rí 300,000 náírà fi pamọ́ lọ́dún lórí owó ilé. Bí owó ọkọ̀ rẹ̀ bá fi 1,500 lé lójúmọ́, 33,000 nìyẹn lóṣù, 396,000 lọ́dún. Ó ti fi 96,000 ṣòfò, a ò tíì ka oorun tí kò sùn àti ọmọ tí kì í rí i lójú.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kó lọ o. Ibòmíì wà tí ìṣirò rẹ̀ á bọ́ sí i. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Agbado dé Oyingbo ní October 2024 ti mú kó rọrùn fún àwọn tó ń gbé nítòsí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Èkíní, kí ẹ tó yá owó ẹgbẹ́ san owó ilé tàbí ra ilẹ̀, ẹ ka owó ọkọ̀ ọdún kan mọ́ ọn. Èkejì, kí ọmọ yín bi ọ̀gá rẹ̀ pé ìpínlẹ̀ wo ni owó-orí òun ń lọ, kó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìjọba tó bá gba owó yín, òun ni kí ẹ béèrè ọ̀nà, omi àti ilé ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má dá lọ. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ kọ ìwé, torí àjèjé ọwọ́ kan ò gbé igbá dé orí.

Ní May 2021, gómìnà ìpínlẹ̀ méjèèjì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn á jọ tún ẹ̀bá ààlà ṣe. Àwa tá à ń gbé ibẹ̀ ló yẹ ká máa rán wọn létí.

Ẹgbẹ́ wa ò ní tú, ọjà á tà, a ò ní ṣiṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀ jẹ.