Ọmọ tí a pè tí kò dáhùn



Ìyá ń ki ọmọ ọlọ́dún kan ní oríkì, ọmọ kò yíjú. Bàbá pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò wò ó. Ṣùgbọ́n bí ìdérí ìkòkò bá dún ní ilé ìdáná, ó gbọ́. Kí a yẹ etí rẹ̀ wò ná. Bí etí bá sàn, kí a má pè é ní aláfojúdi. Ní 1943 ni Dókítà Leo Kanner, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ròyìn ọmọ 11 tí ó rí báyìí. Ọ́tísíìmù ni àwọn oníṣègùn ń pè é.

Ẹ ṣọ́ ọmọ oṣù 18 tí kì í na ìka sí ohun tí ó wù ú, àti èyí tí kì í rẹ́rìn-ín padà síni. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣọ́ ọmọ tí ó ti ń wí “ìyá” tí ó sì tún dákẹ́.

Àwọn àgbà a máa wí pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó fọhùn. (Àwa pàápàá ti wí i rí.) Ṣùgbọ́n ìgbà èwe tí a fi ń dúró náà ni ẹ̀kọ́ ń tètè wọ ọmọ lára. Kì í ṣe emèrè, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ni ó sì fà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjòyè, bí ẹbí ọkọ bá gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá síwájú yín, pé kí a lé ìyàwó lọ, a bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ rán tọkọtaya àti ọmọ wọn sí ilé ìwòsàn.