Ajá Tí Imú Ń Darí

Àwọn àgbà wa ní, ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ajá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí òwe yìí bá mu. Bígù ni orúkọ rẹ̀.

Ajá kékeré ni. Etí rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀ wálẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ọdẹ ibẹ̀ ń fi í dọdẹ ehoro. Inú imú ni agbára rẹ̀ wà. Láti ọdún 1984 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń lò ó ní pápákọ̀ òfuurufú. Bí èrò kan bá fi ẹran tàbí èso pamọ́ sínú àpótí, Bígù á gbóòórùn rẹ̀, á sì jókòó ti ẹrù náà.

Ṣùgbọ́n imú yìí kan náà lè pa á. Bó bá ti gbóòórùn ẹran, kò ní gbọ́ ìpè mọ́. Á máa sáré lọ títí á fi kó sẹ́nu ọkọ̀. Nítorí náà, bí a bá ń sìn ín:

Ẹ má tú u sílẹ̀ níbi tí kò sí ọgbà. Ẹ fi okùn mú un rìn lójoojúmọ́.

Ẹ wọn oúnjẹ rẹ̀. Kì í mọ̀ pé òun ti yó. Bó bá sanra jù, àìsàn dé.

Ẹ yẹ etí rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọ inú rẹ̀. Bó bá ń rùn, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.

Ẹ má gbàgbé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Ajá kò mọ ewu ojú títì. Olówó rẹ̀ ni kó mọ̀ ọ́n fún un.