Irun Elégùn àti Ìwé Ìjọba

Ẹni tí ó bá ti wo ọdún Ṣàngó ní Ẹdẹ rí yóò mọ elégùn. Ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n ó dirun bí obìnrin. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀, ìyàwó òrìṣà ni à ń pe ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dóṣù fún, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.

Àwọn kan rí èyí, wọ́n ní àwọn baba ńlá Yorùbá ti gbà tipẹ́ pé ọkùnrin lè di obìnrin. Àwọn mìíràn ní àṣà òyìnbó lásán ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìkánjú wà nínú ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì. Ojúbọ ni ipò elégùn mọ. Bí ó bá délé, ọkọ aya rẹ̀ àti baba ọmọ rẹ̀ ni. Ìwé ni òfin ń bójú tó.

Ẹ wo ẹni tí a kọ sílẹ̀ ní ọkùnrin nígbà tí a bí i, tí ó dàgbà tí ó sì mọ ara rẹ̀ sí obìnrin, tàbí ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ òdìkejì èyí. Ní Nàìjíríà, ó lè búra ní kóòtù, kí ó sì kéde orúkọ tuntun nínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó la ọ̀nà fún un láti yí ibi tí a kọ ‘ọkùnrin’ sí padà. Bí ó bá dé báńkì tàbí gbọ̀ngàn ìdánwò, ìrísí rẹ̀ yóò tako ìwé rẹ̀. A sì lè kà á sí ẹni tí ó jí ìwé ẹlòmíràn lò.

Gúúsù Áfíríkà ṣe òfin lórí èyí ní 2003, fún ẹni tí ó ti gba ìtọ́jú ìṣègùn. Bìrìtìkó ṣe tirẹ̀ ní 2004. Ní Botswana, ilé ẹjọ́ gíga ni ó pàṣẹ ní 2017 pé kí ìjọba ṣe àtúnṣe ìwé ìdánimọ̀ ẹnìkan. Síbẹ̀ àríyànjiyàn kò tán: ní 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Bìrìtìkó dájọ́ pé nínú Òfin Ìdọ́gba ti 2010, obìnrin ni ẹni tí a bí ní obìnrin. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n, eré ìdárayá àti ilé ìwòsàn ni àwọn tí ń ṣiyèméjì ń tọ́ka sí, àníyàn wọn kì í sì í ṣe ohun à-fọwọ́-rọ́-sẹ́yìn.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí Nàìjíríà tó ṣòfin, tàbí kí ó tó kọ̀ láti ṣe é, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wádìí ìyà tí ìwé tí kò bá ẹni mu fi ń jẹ ọmọ ìlú.