Módẹ́ẹ̀mù Inú Kọ̀ǹpútà Tí Linux Kò Rí

 Ṣé ẹ rántí módẹ́ẹ̀mù tó máa ń han gooro lórí wáyà tẹlifóònù kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọlé? Èyí tó dá dúró níta kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ Linux lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà gan-an ló ni wàhálà.

Kí owó lè dín kù, àwọn tó ṣe é yọ ẹ̀yà tó ń sọ ohùn di dátà kúrò lára rẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé kọ̀ǹpútà lórí. Windows ni wọ́n sì kọ dírafà fún. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní winmodem. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn jù ú nù, wọ́n ṣebí ó ti bàjẹ́.

Ẹ tẹ àṣẹ lspci nínú Linux, kí ẹ lè mọ ṣíìpù inú rẹ̀. Orúkọ ara páálí kò tó. Bó bá jẹ́ ti Lucent, dírafà Linux tí wọ́n ń lò fún un nígbà náà ni ltmodem; ti Smart Link, slmodem. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: dírafà tí wọ́n ṣe fún kernel kan, ìyẹn ọkàn Linux, kì í sábà bá òmíràn ṣe. Ẹ fi àṣẹ uname -r wo irú kernel tí ẹ ní ná. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àṣẹ ATZ sí módẹ́ẹ̀mù náà nínú ètò minicom. Bó bá dáhùn OK, módẹ́ẹ̀mù yín ti jí nìyẹn.